Aago Mẹ́jọ Wo? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíka Wákàtí Dé Mẹ́rìnlélógún Níbi Iṣẹ́

Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀rọ̀ aago àti àkókò iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ kí n bá yín sọ, inú mi dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀ràn náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ó lè jọ ohun kékeré lójú ẹni tí kò tí ì kàn, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ẹni tí wọ́n ń retí níbi iṣẹ́ láti òwúrọ̀, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé àpò dé, ẹni tí ọkọ̀ òfúrufú fi sílẹ̀ nígbà tó rò pé òun tètè dé, aláìsàn tí oògùn aago mẹ́wàá alẹ́ rẹ̀ di ti aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ni yóò jẹ́rìí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí ìwé lè da odidi ọjọ́ ènìyàn rú.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ, n kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n. Níbikíbi tí a bá ti ń kọ àkókò iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kà, ìbáà ṣe lára pátákó, nínú lẹ́tà tàbí lórí fóònù, kí a máa ka wákàtí ọjọ́ láti 00:00 títí dé 23:59, kí a má ṣe dúró ní méjìlá kí a tún padà sí ọ̀kan. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, kí a máa sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. N ó sọ ìdí rẹ̀ nígbà tí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí méjìlá méjì ti wá. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ni wọ́n pín ojúmọmọ sí ọ̀nà méjìlá, tí wọ́n sì pín òru náà sí méjìlá, láyé ìgbà tó jẹ́ pé òjìji oòrùn ni wọ́n fi ń mọ àkókò lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń wo ìràwọ̀ lóru. Ẹni tó ń wo òjìji kò lè ṣi òru pè ní ọ̀sán, nítorí náà méjìlá méjèèjì kò pa wọ́n lára rárá. Ìgbà tí ẹ̀rọ aago dé, tó ń rìn láìwo oòrùn, láìwo òṣùpá, ni nọ́ńbà kan náà wá di orúkọ fún wákàtí méjì tó jìnnà síra bí ọ̀sán ti jìnnà sí òru.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ wàhálà yìí. Ìdájí ni ìdájí, ìyálẹ̀ta kò lè di àṣálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀sán gangan pe ọ̀gànjọ́. Nígbà tí aago sì dé ọ̀dọ̀ wa, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ẹ̀kọ́ ń dún, tí reluwé kúrò ní Èkó àkéte, tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí kọjá, tó sì wọ Ìbàdàn ní 1901, ẹnu wa ti mọ ọgbọ́n tó yẹ kó dá: a kì í pe aago mẹ́jọ kí a dákẹ́, a ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí aago mẹ́jọ alẹ́. Ìwé ló ba nǹkan jẹ́. Bí a bá ti mú bírò lọ́wọ́, a ó gbàgbé àárọ̀, a ó gbàgbé alẹ́, 8:00 nìkan ni a ó kọ sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ èyí tó ní lọ́kàn, ẹni tí yóò kà á ló kù tí yóò máa bi ara rẹ̀ pé, aago mẹ́jọ wo?

Mo rí rọ́sítà kan rí ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fi bírò búlúù ya ìlà sí ojú ìwé, wọ́n sì fi píìnì mẹ́rin kàn án mọ́ pátákó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Orúkọ wà lápá òsì, ọjọ́ méjèèje wà lókè, nínú ojú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì kọ “8–2”, “2–8” tàbí “8–8” sí. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni “8–8”, láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibòmíràn, níbi tó jẹ́ pé ojúmọmọ ni “8–8” tiwọn, wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nínú aṣọ funfun tó lọ̀ dáadáa, ó bá àwọn tó ń ṣe “8–2” lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní kó padà sílé lọ sùn nítorí alẹ́ ni tirẹ̀. Ó san owó ọkọ̀ padà, ọmọ kékeré tó wà nílé kò jẹ́ kó rí oorun sùn lọ́sàn-án, ó sì tún san owó ọkọ̀ wá ní alẹ́ láti fi ojú tó ti pọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn mọ́jú. Ọ̀gá wọn ní kò fara balẹ̀ ka ìwé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fara balẹ̀ kà á, ìwé náà ni kò sọ òdodo tán. Bí wọ́n bá ti kọ 20:00–08:00 síbẹ̀, ì báà jẹ́ ìlú òkèèrè ni nọ́ọ̀sì náà ti wá, kò lè ṣì í kà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Oògùn tí dókítà ní kí aláìsàn máa lò ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, aago mẹ́fà, aago méjì àti aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fún un. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 6, 2, 10, ojú kò lè rí i pé wákàtí mẹ́jọ ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè fi ìwòran mọ̀ bóyá 10 tí wọ́n fàmì sí jẹ́ ti àná alẹ́ tàbí ti àárọ̀ yìí. Ẹ kọ 06:00, 14:00, 22:00, ọ̀rọ̀ ti tán: mẹ́jọ lé mẹ́fà, mẹ́jọ lé mẹ́rìnlá, ohun tó wà lórí ìwé ń ka ara rẹ̀ fúnni. Bákan náà ni ti owó ófàtáìmù. Mégáàdì tó wọlé ní 13:30 tó sì jáde ní 22:15 ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ìyọkúrò lásán ni, akọ̀wé owó àti mégáàdì kò ní bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lópin oṣù.

Èwo wá ni ti méjìlá fúnra rẹ̀? Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti le jù. “A.m.” ni ti ìgbà tí oòrùn kò tí ì kàntàrí, “p.m.” ni ti ìgbà tó ti kọjá àtàrí, ìgbà tó wà ní àtàrí gan-an kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá ti fi 12 p.m. pe ọ̀gànjọ́ òru nínú ìwé ìlànà rẹ̀ rí, kó tó yí i padà ní 2008 pé ọ̀sán ni. Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń bójú tó òṣùwọ̀n sì ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lo 12 a.m. tàbí 12 p.m. rárá, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òye rẹ̀ yé gbogbo ayé bákan náà. Bí àwọn tó ni èdè náà bá ń ṣe báyìí, kí ni kí akọ̀wé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣe? Ìpàdé 12 a.m. tó kọ sínú lẹ́tà, ọ̀sán ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀gànjọ́ ló pè é. Bó bá kọ 12:00 láìfi lẹ́tà kankan kún un, nínú kíkà dé mẹ́rìnlélógún, ọ̀sán nìkan ni. Òru ní orúkọ tirẹ̀, 00:00.

Síbẹ̀, ọ̀gànjọ́ ní ìjà mìíràn tí nọ́ńbà nìkan kò lè parí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oògùn ajẹ́bíidán ni mo gbé wá. Ọkọ̀ òfúrufú tí ìwé rẹ̀ wí pé yóò gbéra ní 00:15 ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni èrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní pápá Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá fi ìrọ̀rùn jẹun alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó máa lọ, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀. Nínú ọ̀ràn yìí, ọgbọ́n ilé wa ju ti ìwé lọ. Nígbà tí a bá ń kéde àìsùn òkú tàbí ìṣọ́ òru, a kì í sọ pé òru ọjọ́ Ẹtì kí a dúró síbẹ̀, a ó ní òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta; ọjọ́ méjì ni a dárúkọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣì í gbọ́. Kí ìwé wa náà kọ́ ọ. Kí a kọ ọjọ́ mọ́ aago nígbà gbogbo, àti pé bí a bá fẹ́ fi òpin sí ìgbà tí a ó gba fọ́ọ̀mù tàbí owó, kí a má kọ “ọ̀gànjọ́ ọjọ́ Ẹtì”, kí a kọ 23:59 ọjọ́ Ẹtì, kí olúkúlùkù mọ ẹ̀gbẹ́ odi tí òun wà.

Ta ni ó wá kọ́kọ́ pariwo ọ̀rọ̀ yìí fún ayé gbọ́? Ọ̀pọ̀ ló ti ń kà dé mẹ́rìnlélógún ṣáájú. Ní Ítálì, nínú ilé ìjọsìn ńlá tó wà ní Florence, aago kan wà lára ògiri tí Paolo Uccello kun ojú rẹ̀ ní 1443, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún ló sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e dé iwájú àwọn ìjọba ni Sandford Fleming, ọmọ Scotland tó ti di ará Kánádà, ẹnjiníà àgbà fún reluwé gígùn tí wọ́n ń là la ilẹ̀ náà já. Ní 1876, ó wà lẹ́nu ìrìn-àjò ní Ireland, ó ka ìwé àkókò reluwé, ìwé náà sì sọ fún un pé ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀ ní Bundoran yóò gbéra ní 5:35 p.m. Ó dé ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́. Àṣìtẹ̀ ni, a.m. ni wọ́n ì bá tẹ̀, ọkọ̀ ti lọ láti àárọ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe ju kó máa dúró de ọ̀la. Lẹ́tà ẹyọ kan, p dípò a, ló dá ẹnjiníà àgbà dúró. Ẹlòmíràn ì bá bínú sí àwọn atẹ̀wé kó sì gbàgbé rẹ̀ bó bá délé. Fleming ní àbùkù náà kò sí lọ́wọ́ atẹ̀wé bí kò ṣe nínú àṣà kíka wákàtí méjìlá ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì ń kọ̀wé, ó ń rìn, ó ń rọ àwọn ènìyàn, títí tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fi pàdé ní Washington ní oṣù kẹwàá 1884, tí òun náà sì wà láàárín wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Greenwich ṣe ìpìlẹ̀ àkókò gbogbo ayé, tí wọ́n sì dìbò gbà pé ọjọ́ àgbáyé yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀gànjọ́, a ó sì máa kà á láti òdo dé mẹ́rìnlélógún. Láìbéríà, aládùúgbò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà ní ìjókòó náà, inú mi a sì máa dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí pé orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú kò ṣàì ní orúkọ nínú ìwé ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ó ń tàn ká. Reluwé Canadian Pacific gbà á ní 1886, reluwé Ítálì ní 1893, Faransé ní 1912. Ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1915, ti orí ilẹ̀ ní 1918, nítorí ogun ti kọ́ wọn pé ọ̀gágun tó bá pàṣẹ pé kí a gbéra ní aago márùn-ún, tí apá kan gbọ́ ìdájí tí apá kejì gbọ́ ìrọ̀lẹ́, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n jagun fún Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà, abẹ́ kíka àkókò báyìí ni wọ́n ti jagun. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: reluwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò gbà á títí di 1964, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí a ti gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, méjìlá méjì ni àwọn ọ̀gá wa ń lò, òun ni a jogún. Nígbà tí wọ́n wá jù ú sílẹ̀, a ò sí nílé wọn mọ́ láti rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni 16:00, n ó bi í léèrè pé ti ta ni 4:00 p.m.?

Àwọn ọmọ ìyá wa tí ààlà fi sí abẹ́ Faransé kò bá wa pín nínú ogún yìí. Ní Kétu, ní Sábẹ, ní Àjàṣẹ́, 15h30 ni ẹ ó rí nínú ìwé ìkéde, lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àti lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ọmọ iléèwé kékeré sì ń kà á láìkọsẹ̀. Oníṣòwò tó ń lọ láti Èkó dé Lomé ní ẹ̀kọ́ mìíràn láti kọ́ lójú ọ̀nà: aago Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá ẹnubodè Hilla-Condji sí Tógò, wákàtí kan ti padà sẹ́yìn. Ẹni tó dá àdéhùn 14:00 pẹ̀lú oníbàárà ní Lomé láìsọ ti ìlú wo, yóò dúró fún wákàtí kan kí ó tó rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì bá iléeṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́ láti Ìbàdàn: láti ọjọ́ Àìkú tó parí oṣù kẹta títí di èyí tó parí oṣù kẹwàá, aago ìlú méjèèjì dọ́gba, lẹ́yìn ìyẹn, tiwa ń fi wákàtí kan ṣáájú. Aago tiwa kì í yí, tiwọn ló ń yí. Kí wọ́n kọ “15:00 ti Èkó”, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò yóò rí 16:00, yóò sì kà á ní aago mẹ́fà nítorí mẹ́fà tó rí níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀, ní oṣù àkọ́kọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n àṣìkà yẹn ní àtúnṣe, ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan yóò mọ ohun tó fà á: kó yọ méjìlá kúrò nínú nọ́ńbà tó bá ti kọjá méjìlá, mẹ́rìndínlógún yóò ku mẹ́rin. Àṣìkà ti 8:00 kò ní àtúnṣe, nítorí kò sí ohun tó wà lójú ìwé náà tí ènìyàn lè fi mọ òtítọ́, bó ti wù kó gbọ́n tó. Àwọn mìíràn ní ó ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà láti máa kà. Ẹ dákun, ìran tó ń ka owó ẹyọ ní egbàá egbàá, tó ń di í ní ọ̀kẹ́ ọ̀kẹ́ láìlo bírò tàbí ìwé, kì í ṣe mẹ́rìnlélógún ni yóò borí wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu tí mo ní n ó padà sí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun yóò dé ní aago mọ́kàndínlógún. Ohùn wa ti ní àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́ nínú, ó péye, ó sì dùn létí. Ìwé ni kò ní ohùn, ìwé ni ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó rí 19:00 lórí pátákó kó pè é ní aago méje alẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tí à ń wá náà nìyẹn.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, kíka wákàtí dé mẹ́rìnlélógún sì rọrùn láti mú lò. Nínú fóònù tó wà lápò yín nísinsìnyí, níbi tí a ti ń tún aago àti ọjọ́ ṣe, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ 24-hour sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó jáde níbí, kí ojú yín máa bá a mọ̀, aago ìjínigírì tí ẹ bá sì fẹ́ fi jí ní 05:00 kò tún ní dún ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ wà lọ́jà. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kan rọ́sítà oṣù tó ń bọ̀ mọ́ ògiri bí “8–8” bá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, kí lẹ́tà ìpàdé yín tó kàn dárúkọ ọjọ́, kó kọ déètì, kó sì kọ aago rẹ̀ láti inú mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ tilẹ̀ ṣe é láìdúró de ọ̀gá, nítorí àwọn tí ẹ ń ṣọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní agbára láti bi yín pé aago mẹ́jọ wo.